Òru Tí Oorun Kọ Ọba

Ní Kúbwà, iná lọ ní aago méjì òru.
Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó dákẹ́.
Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo ṣí ìwé àwọn Hébérù àtijọ́
síbi tí ìyá mi fi òwú sàmì sí,
fọ́nrán búlúù kan láti ilé iṣẹ́ aṣọ ní Kákúrì
tí bàbá mi ti ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa.

Ìtàn ọmọ òrukàn tó di ayaba nílẹ̀ àjèjì.
Mo kà á tán, mo tún un kà:
orúkọ Ọlọ́run kò sí níbẹ̀.
Kò sí ohùn láti ọ̀run. Òkun ò pínyà.
Ọba kan ni kò rí oorun sùn.
Ìyẹn nìkan.
Ó yí síhìn-ín, ó yí sọ́hùn-ún,
ó ní kí wọ́n ka àkọsílẹ̀ ọjọ́un fún òun,
ikú tí wọ́n ti dá ọjọ́ rẹ̀ fún odidi ìran
sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà.

Ni mo bá rántí Àwẹ̀ró, ìyá mi,
ní Kàdúná, lọ́dún tí táyà ń jó ní ìkóríta.
Kónílé-ó-gbélé.
Ọmọ mẹ́tàdínlógún la wà lábẹ́ àga ìjọ,
èmi ni mo kéré jù, mo ti tọ̀ sára.
Ẹnìkan ṣoṣo ló lè ní kí àwọn ọmọkùnrin ìkóríta yàgò:
Hákímì, àgbàlagbà tí kì í gbàlejò lẹ́yìn ìrun alẹ́.
Wọn kì í kan ilẹ̀kùn rẹ̀ bí kò bá ránṣẹ́ peni.
Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pe ìyá mi.

Obìnrin inú ìwé gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ó wọ aṣọ oyè.
Ìyá mi mu gàrí ife kan,
ó wé gèlè sódì, ó wá bàtà, kò rí i.
Ó ki ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà bàbá mi,
ó ń gbá a ní gìgísẹ̀, pà, pà, pà, nínú òkùnkùn.
"Bí mi ò bá padà, ẹ bá mi san owó epo Làǹtánà."
Ohun tó sọ nìyẹn. Kò sọ̀rọ̀ bí ìwé.

Ẹ̀fọn kan ti wọ inú nẹ́ẹ̀tì Hákímì lálẹ́ ọjọ́ náà.
Sàámínù, ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, ló sọ ọ́ fún wa lẹ́yìn ọdún púpọ̀, tẹ̀rín-tẹ̀rín:
Baba gbá a, kò bá a. Baba dìde, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀
ti rédíò tí bátìrì rẹ̀ ń kú lọ,
ni sálúbàtà kan bá ń bọ̀, pà, pà.
Ó ní, "Ta nìyẹn? Wọlé."
Ọ̀pá wúrà kankan ò sí níbẹ̀.
Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọkọ̀ alálùbọ́sà kan kó wa kọjá afárá.
Àlùbọ́sà ń ta wá lójú,
kò sẹ́ni tó mọ èyí tó jẹ́ ẹkún.

Mo fẹ́ parí rẹ̀ síbẹ̀. Kò ṣeé ṣe.
Nítorí ilé Kázà, télọ̀, jó dé ìpìlẹ̀ lóru kan náà,
ọmọ Sàbíù tó ń ta omi sì jáde, kò wọlé mọ́.
Ẹ̀fọn wo ni ì bá ti jẹ ta ni nítorí tiwọn?
Mo bi ìyá mi léèrè lọ́jọ́ kan, ó ń ṣa ẹ̀wà.
Ó mú òkúta kan jáde, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ó wò ó pẹ́.
"Èmi ò mọ̀. Ti ẹ̀fọn, ọwọ́ Ọlọ́run ló wà.
Bàtà ni èmi ń wá."

Iná ò tíì dé.
Ohun kékeré kan ń kùn létí mi, mi ò gbá a.
Mo pa tọ́ọ̀ṣì,
mo fetí sí ojú ọ̀nà.